Madina Gba Àlejò, Ṣùgbọ́n Ìwé Ló Ń Sọni Di Onílé

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Madina láti àárín Accra lè wọ trotro ní 37, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù àwọn ológun. Ọkọ̀ á gba Shiashie, á gba Okponglo, á kọjá níwájú ẹnubodè yunifásítì tó wà ní Legon, á dé Atomic Junction. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní "mate" níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé "Zongo! Zongo Junction!" Bí èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó ti dé Madina nìyẹn. Títì náà fẹ̀, ó sì léwu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ orí rẹ̀ tì láìparí, tí ọkọ̀ sì ń pa àwọn tó ń sáré sọdá, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2018 tí ikú akẹ́kọ̀ọ́ kan mú kí àwọn ará àdúgbò dáná sun táyà lójú títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba tó dìde parí wọn.

Inú ọjà Madina ni kéèyàn ti tẹ́tí sílẹ̀. Twi ló gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ Gã wà níbẹ̀, Ewe wà níbẹ̀, Hausa sì ń dún láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Òkìrìkà tí wọ́n kó sílẹ̀ bí òkè ń jẹ́ "obroni wawu", ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni aṣọ ti kú. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n gé sórí àtẹ ń jẹ́ "alata samina", bẹ́ẹ̀ "Alata" ni àwọn ará Gánà ti ń pe àwọn tó wá láti ìhà Nàìjíríà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí ọmọ Yorùbá bá dúró ti ọlọ́ṣẹ, tó rẹ́rìn-ín, tó ní "Ẹ kú ọjà o," kò ní yà á lẹ́nu bí ẹnì kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn àpò gaàrí pé "Òo, ẹ káàbọ̀."

Àlejò ló dá Madina sílẹ̀. Ní ọdún 1959, ọdún kejì tí Gánà gba òmìnira, Alhaji Seidu Kardo àti àwọn tó tẹ̀ lé e gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará La, ìyẹn àwọn Gã tó ni ilẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ ìlú dó síbẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, orúkọ ìlú Ànọ́bì ni wọ́n sì fún un. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn olùwádìí láti Legon fi lọ wo irú èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1967 sì fi hàn pé àkójọpọ̀ ẹ̀yà ni ìlú náà láti ìpìlẹ̀. Láti ọdún 2012, Madina ti di olú ìlú fún ìjọba ìbílẹ̀ La Nkwantanang-Madina. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ nítorí Legon àti yunifásítì UPSA, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kún ibẹ̀ nítorí pé owó ilé rẹ̀ kò tó ti àárín Accra. Ilé tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà ni wọ́n ń pè ní "chamber and hall", yàrá kan àti pálọ̀ kan. Àwọn onílé sábà máa ń gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ òfin ilé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1963 ní owó oṣù mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tí onílé kò tíì fi ọ̀rọ̀ òfin yẹn rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀.

Irú ìlú báyìí máa ń tètè mọ́ni lára. Ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè gbé Madina fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Ó mọ oníwàákyé tó ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ ti ń bá ọmọ onílé jà ní Twi, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó wá dà bíi pé ó ti di ará Gánà. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyẹn, àwọn Yorùbá sì ti san owó rẹ̀ rí ní ilẹ̀ kan náà yìí.

Kí Madina tó wà, Yorùbá ti wà ní Accra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Olóyè Brimah, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣòwò màlúù, wà lára àwọn èèyàn ńlá láàárín àwọn Mùsùlùmí àlejò ìlú náà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì tú jáde, wọ́n pàtẹ dé Kumasi, wọ́n pàtẹ dé Tamale. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà ní Èkó tó sì wà ní Accra, nítorí náà kò sí ẹni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Baba wá, ó pe àbúrò, àbúrò mú ìyàwó wá, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé. Nígbà tí Gánà di orílẹ̀-èdè tó dá dúró ní ọdún 1957, àwọn èèyàn yìí di àlejò lábẹ́ òfin láìkúrò lójú kan. Òfin nípa àwọn àlejò tí wọ́n ṣe ní ọdún 1963 ní kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú. Díẹ̀ ló gbà á. Ta ló fẹ́ lọ tò sórí ìlà fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Wọ́n béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ lórí àga, kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Àìríṣẹ́ ń dààmú àwọn ọ̀dọ́ Gánà nígbà náà, ọjà sì wà lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ohun tó rọrùn jù láti fi tu aráàlú lójú ni láti lé àlejò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kó ọjà jọ ní láti tà á ní iye tí aládùúgbò bá pè é. Ẹni tó yá èèyàn lówó kò rí i gbà. Ẹni tó kọ́lé fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó gbọ́kàn lé, kò sì mọ̀ bóyá òun á tún rí ilé náà mọ́. Àwọn tó lọ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ, Yorùbá sì pọ̀ gan-an nínú wọn. Nàìjíríà tí wọ́n ń padà sí ṣì wà nínú ogun abẹ́lé. Títí di òní, kò ṣòro láti rí ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin tí bàbá tàbí màmá àgbà ibẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí Gánà, tó gbọ́ Twi kó tó gbọ́ Yorùbá ilé dáadáa.

Òótọ́ ni pé Nàìjíríà náà san án padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó fi orílẹ̀-èdè sílẹ̀, tí àwọn ará Gánà pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì alápótí-alápótí tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" lẹ́nu wa. A ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e lórí nígbà náà wà láàyè ní Madina.

Ohun tó yẹ kó yé ìdílé tó bá ń ronú láti lọ ṣiṣẹ́ ní Gánà lónìí ni pé àdéhùn ECOWAS kò pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà. Ọjọ́ 90 ni ó fún un. Ní ọdún 1986 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú kún un, ní ọdún 1990 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ kún un. Àmọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló di ọwọ́ òfin tirẹ̀ mú. Ní Gánà, ẹni tí ọjọ́ 90 rẹ̀ bá pé, tí kò sì ní ìwé mìíràn, ti di ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó wà nínú báàgì rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìwé ẹ̀rí náà wúlò, àmọ́ ẹni tó bá ní in kò lè fúnra rẹ̀ fi gbà àṣẹ iṣẹ́. Òfin Ìwọlé Àlejò, Act 573 ti ọdún 2000, ní agbanisíṣẹ́ ni yóò gba àyè fún àlejò kó tó gbà á síṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń pín àyè náà. Ọ̀nà kejì ni ti iléeṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ GIPC tó ń mójú tó ìdókòwò. Òfin 865 ti ọdún 2013 fún iléeṣẹ́ tí owó tó fi bẹ̀rẹ̀ wà láàárín 50,000 àti 250,000 dọ́là Amẹ́ríkà ní àyè àlejò kan ṣoṣo. Èyí tó bá ju 700,000 lọ, ẹni mẹ́rin. Ẹ ronú nípa iléeṣẹ́ kékeré kan tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn ọmọ Ìbàdàn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa: bí àyè kan ṣoṣo tó ní bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìfẹ́ ọ̀gá kò lè gbé ìwé jáde. Nígbà tí àṣẹ iṣẹ́ bá jáde ni ìwé ìgbélùú yóò tẹ̀ lé e látọ̀dọ̀ Ghana Immigration Service, lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì ìdánimọ̀ ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ Gánà. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rántí pé nítorí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe fún un ní ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ìtumọ̀ tí òfin fún ẹni tó mọṣẹ́. Ní ilé wa, onídìrí tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, tí ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún, oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Gẹrígẹrí náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin 865 yẹn kan náà ti ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan: títa ọjà nínú ọjà tàbí ní ìsọ̀, ìkiri ọjà, ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ti gẹrígẹrí, takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, omi inú ọ̀rá, títa oògùn ní ẹyọ ẹyọ, títẹ ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́. Àlejò tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ fi mílíọ̀nù kan dọ́là bẹ̀rẹ̀, kó sì gba ó kéré tán ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Èwo nínú àwọn obìnrin wa tó ń ta léèsì ló ní mílíọ̀nù kan dọ́là? Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gánà, GUTA, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní ọdún 2019 àti 2020, òfin yìí ni wọ́n ń nà síta. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Femi Gbajabiamila, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin wa nígbà náà, wọ bàlúù lọ sí Accra ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 láti bá wọn sọ̀rọ̀. Òfin kò yí padà nítorí ìbẹ̀wò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ọmọ wa rí àyè, ó gba ìwé ìgbélùú, ó sì fẹ́ dúró títí. Kánádà máa ń ka máàkì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: èdè, ìwé, ìrírí, ọjọ́ orí, kó sì ní ó kéré tán 67 nínú 100. Ó lè jókòó sí Ìbàdàn ka tirẹ̀ lórí fóònù. Gánà ò ka máàkì, ọjọ́ ló ń kà. Act 573 ní ẹni tó bá fẹ́ ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí gbọ́dọ̀ ti wà ní Gánà fún oṣù méjìlá gbáko ṣáájú ọjọ́ tó kọ̀wé. Láàárín ọdún méje tó ṣáájú oṣù méjìlá náà, àpapọ̀ àkókò tó fi gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ọdún márùn-ún. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lágbára lọ́jọ́ tó kọ̀wé. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ti rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní i lọ́kàn láti fi Gánà ṣe ilé, mínísítà sì gbọ́dọ̀ gbà pé ó ti ṣe ìlú láǹfààní tàbí pé ó lè ṣe é.

Ọdún márùn-ún nínú méje dà bí ohun tó rọrùn, àfi ìgbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹni tó bá lọ bímọ sílé ní Abẹ́òkúta fún oṣù mẹ́jọ, tó tún wá sìnkú bàbá, tó dúró de ogójì ọjọ́, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ sì pa ìwé rẹ̀ tì fún ọdún kan láìtún un ṣe, lè rí i pé ọdún mẹ́jọ tí òun ti lò ní Madina kò tó. Ìwé ìrìnnà tó ti kún, tí èèyàn jù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ẹlẹ́rìí fún ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ nù. Kí wọ́n pa ìwé owó orí mọ́, kí wọ́n pa ìwé owó ìfẹ̀yìntì SSNIT mọ́, kí wọ́n sì pa lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́, pàápàá ti iléeṣẹ́ tó ti kógbá wọlé. Àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ọdún 1969.

Ohun mìíràn tún wà nínú òfin náà tó yẹ kí ará Madina fọkàn sí. Ọmọ Gánà méjì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìwà ẹni tó ń béèrè. Ẹnì kan lè rò pé onílé àti oníwàákyé ti tó. Wọn ò tó o. Lọ́yà, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé òfin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nípò gíga, tàbí irú ẹni mìíràn tí mínísítà bá fọwọ́ sí, ni òfin ń béèrè. Ní ìlú tí aládùúgbò ti ń ṣe ohun gbogbo fún aládùúgbò rẹ̀, àwọn tó mọ ìwà èèyàn jù ni òfin kò ní gba ẹ̀rí wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, ó ń dun èèyàn síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ dúró kò ní dúró di ọdún keje kó tó máa wá lọ́yà tó mọ òun. Inú ìjọ, inú ẹgbẹ́ òbí ní iléèwé ọmọ, àti lẹ́nu iṣẹ́ ló ti yẹ kó ti mọ wọn.

Nǹkan kan wà nínú Act 573 náà tó máa ń ya àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu. Òfin náà dá ẹ̀tọ́ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Áfíríkà ṣùgbọ́n tó wà lẹ́yìn òkun, irú bí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè wá gbé Gánà fàlàlà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Nana Akufo-Addo sọ 126 nínú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ di ọmọ Gánà lọ́jọ́ kan. Ó dára fún wọn, nítorí ẹrú ni wọ́n kó àwọn bàbá ńlá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà tí bàbá àgbà rẹ̀ kú sí Kumasi, tí ọkọ̀ láti Èkó lè gbé dé Accra lọ́jọ́ kan, kò lè gba ọ̀nà yẹn. Ìdílé rẹ̀ kò kúrò ní Áfíríkà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ìgbélùú, tó fẹ́ di ọmọ Gánà pátápátá, òfin mìíràn ló wà fún un, Act 591, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 kan náà. Ìṣirò ọdún rẹ̀ jọ ti ìgbélùú, àmọ́ ó fi èdè kún un: ó gbọ́dọ̀ máa sọ èdè ìbílẹ̀ Gánà kan, kó sì gbọ́ ọ. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ kò ní torí rẹ̀ pàdánù Nàìjíríà, nítorí ìwé òfin tiwa gbà á láyè. Ìdánwò èdè yẹn ni àwọn bàbá máa ń bẹ̀rù, pàápàá àwọn tó fi Òyìnbó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ní ọ́fíìsì.

Àwọn ọmọ wọn kò bẹ̀rù. Ní àgbàlá ilé èyíkéyìí lẹ́yìn ọjà Madina, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé tàbí Kúdíràtì ń fi Twi bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi Gã bẹ ìyá onílé, ó sì ń fi Yorùbá dá ìyá tirẹ̀ lóhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ní Gánà, ibi tí wọ́n bíni sí kò sọni di ọmọ ìlú; òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ Gánà ló ń fúnni. Bí bàbá Kúdíràtì kò bá ka ọdún rẹ̀ dáadáa, àlejò ni Kúdíràtì náà, ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé sì ni wọ́n máa fi bá a gba ìwé ìgbélùú, tí wọ́n á sì máa sáré tún un ṣe kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.